Ìbejì Mélòó Nínú Ẹgbẹ̀rún Ìbímọ?

Àwọn baba wa a máa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n irú kíkà kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nítorí pé ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ wà nínú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ìbejì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ère ìbejì tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ jẹ́rìí sí i. Ó sì tún jẹ́rìí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ikú mú lọ ní kékeré. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ti pọ̀ tó? Dókítà P. P. S. Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ìwé ilé ìwòsàn ńlá nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Aboyún tí oyún ń ni lára ni ó máa ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá a lè bímọ sílé. Nítorí náà, ìbejì inú ìwé ilé ìwòsàn a máa pọ̀ ju ti inú ìlú lọ.

Ó lọ wo ìbímọ ìlú Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì ti dá iṣẹ́ ìlera sílẹ̀ ní 1963. Ní 1969 ó tẹ èsì jáde: nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 ni ti ìbejì. Èyí ni pé 9 nínú 200. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò náà, nǹkan bí 12 nínú 1,000 ni. A sì tún mọ̀ pé ìyá tí ó ti dàgbà díẹ̀, tí ó sì ti bímọ rí, a máa bí ìbejì ju ìyàwó kékeré lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ jẹ́ kí a fi Ìwòpin létí ọ̀sà ṣe àpẹẹrẹ. Àfiṣe lásán ni o. Ká ní agbẹ̀bí kan kọ 500 ìbímọ sílẹ̀, ó sì pín àwọn ìyá sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Àwọn tí kò tó ọdún 25 bímọ ní ìgbà 200, ìbejì jẹ́ 4. Àwọn ọlọ́dún 25 sí 34 bímọ ní ìgbà 250, ìbejì jẹ́ 10. Àwọn ọlọ́dún 35 sókè bímọ ní ìgbà 50, ìbejì jẹ́ 3. Ẹ pín in: 2 nínú 100, 4 nínú 100, 6 nínú 100.

Ọmọ kan lè sáré ro 2, 4 àti 6 pọ̀, kí ó pín in sí mẹ́ta, kí ó ní 4 nínú 100 ni ti gbogbo ìlú. Ó ṣì í! Ìbímọ 50 kò lè ní agbára kan náà pẹ̀lú 250. Gbogbo ìbejì ni kí ẹ kó jọ, 17, kí ẹ fi 500 pín in. Yóò fún yín ní 34 nínú 1,000, kì í ṣe 40.

Kí ni èrè rẹ̀? Agbẹ̀bí tí ó bá mọ èyí yóò tètè fura sí ikùn àgbà ìyá, yóò sì rán an lọ sí ilé ìwòsàn kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de aboyún. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ti Igbó-Ọrà ṣírò ti Ìwòpin. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí ó ka tirẹ̀. Bí a bá sì fi ọmọ tí ó kú lọ́jọ́ tí a bí i pamọ́, ìṣirò náà yóò purọ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, bí agbẹ̀bí bá bi yín ní ọjọ́ orí, tí ó bi yín ní iye ìgbà tí ẹ ti bímọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Kì í ṣe pé ó ń ka ọmọ yín fún yín. Ó ń wá ọ̀nà tí èyí tí ń bọ̀ yóò fi yè ni.