Ibùsùn Ọmọ Ọwọ́: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Níbẹ̀ àti Ohun Tí Kò Yẹ

Ìkókó tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò ìrọ̀rí. Kò nílò bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ó nípọn, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò ọmọláńgidi aláṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń sùn. Ibùsùn tí kò léwu ni èyí tí ó tẹ́jú, tí ó sì le díẹ̀, tí a tẹ́ aṣọ kan ṣoṣo sí dáadáa, tí kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀ bí kò ṣe ọmọ náà.

Ọrùn ìkókó kò tíì lágbára. Bí imú rẹ̀ bá rì sínú ohun tí ó rọ̀, tàbí tí aṣọ bò ó lójú, ó lè má lè yí orí kúrò. Èémí tí ó ti mí jáde ni yóò tún máa mí sínú, láìsí ariwo tí yóò jí ìyá rẹ̀. Inú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ewu yìí pọ̀ jù.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ máa tẹ́ ọmọ sí, lọ́sàn-án àti lóru. Ọ̀pọ̀ àgbà ń bẹ̀rù pé wàrà yóò pá a lórí, ṣùgbọ́n bí a ṣe dá ara kò rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wàrà tí ó bá padà wá sí ọ̀fun kò sì lè ṣàdédé gòkè. Bí ó bá dojú bolẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìpolongo lórí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, ikú òjijì àwọn ìkókó lójú oorun ti dín kù ju ìdajì lọ.

Àwọn ìyá mìíràn ń lo ìrọ̀rí kí ìpàkọ́ ọmọ má baà tẹ́. Ẹ kúkú máa dà á dé ikùn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là, kí ẹ sì jókòó tì í.

Ibùsùn kékeré alábòrí àwọ̀n tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń ní ìrọ̀rí nínú. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọ̀n náà wúlò, nítorí ẹ̀fọn. Kí ó ṣáà nà dáadáa, kí ó má fara kan ojú ọmọ. Ẹní lásán tí a tẹ́ aṣọ lé sàn ju fóòmù tí ó ti rì láàárín lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fóòmù ni ó wọ́n.

Nígbà ọyẹ́, aṣọ tí ó ba ọmọ lára mu ni kí ẹ wọ̀ fún un dípò bùláńkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ṣí fìlà lórí rẹ̀ nínú ilé. Ẹ fọwọ́ kan àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: bí ó bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù.

Yàrá kan náà ni kí ìyá àti ọmọ máa sùn, kí ibùsùn ọmọ sì dá wà nítòsí. Bí oorun bá fẹ́ gbé yín lọ níbi tí ẹ ti ń fún un lọ́mú, orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ti kó ìrọ̀rí kúrò kò léwu tó orí àga onífóòmù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mu ọtí, tí ó ń mu sìgá tàbí tí ó lo oògùn tí ń kunni lóorun kò gbọdọ̀ bá ìkókó sùn rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa dá sùn lórí ibùsùn tirẹ̀.