‘Ṣì’, ‘Tún’ àti ‘Tẹ̀síwájú’: Ọ̀rọ̀ Ìtẹ̀síwájú nínú Kíkọ Ìtàn Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ ní Ìwó

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí lọ́wọ́ òpìtàn. Bí ó bá fi wúnrẹ̀n kan rọ́pò òmíràn, ohun tí ó ti parí lè dà bí ohun tí kò dúró rí. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé nǹkan ń bá a lọ, ó sì fi ìtàn ẹ̀kọ́ ní Ìwó dán wọn wò.

Ìyàtọ̀ ìtumọ̀ wọn
Atọ́ka ‘ń’ dúró fún ibá àìṣetán atẹ́rẹrẹ, ‘máa ń’ sì dúró fún bárakú. ‘Ó ń kọ́ ọmọ’ lè fi hàn pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́. ‘Ó máa ń kọ́ ọmọ’ jẹ́ ìṣesí, bí kò tilẹ̀ kọ́ wọn lónìí. ‘Ṣì’ ló so àná mọ́ òní: ‘ó ṣì ń kọ́ ọmọ’ túmọ̀ sí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, kò sì tíì dáwọ́ dúró. ‘Tún’ gbà pé àlàfo wà láàárín. ‘Bá a lọ’ fàyè gba ìsinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni. ‘Tẹ̀síwájú’ ní tirẹ̀ fi ìdàgbàsókè kún un, nítorí pé ‘iwájú’ wà nínú rẹ̀.

Àmì ìsàlẹ̀ ‘ṣ’ ṣe pàtàkì níhìn-ín. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ‘ó ṣì ń kọ́ ọmọ’, ‘ó sì ń kọ́ ọmọ’ ni yóò kù: ọ̀rọ̀ àsopọ̀ lásán, tí kò jẹ́rìí sí ohun àtẹ̀yìnwá kankan.

Ìwó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ
Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ìgbà Olúwòó Lámúyẹ, ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní Ìwó. Ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi gbé Baptist College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 2001 ni a fún Yunifásítì Bowen ní ìwé-àṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002 nínú ọgbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti lò. Orúkọ T. J. Bowen, tí ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858, ni ó ń jẹ́. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kan ní Ìwó.

Báwo ni kí a kọ ìtàn yìí? ‘Ilé-kéú ṣì wà’ jẹ́ òtítọ́. ‘Ẹ̀kọ́ ń bá a lọ nínú ọgbà náà’ tọ̀nà ní ti ẹ̀kọ́ lápapọ̀, kì í ṣe ní ti ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti àtijọ́. Bí a bá kọ ọ́ pé ‘kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tẹ̀síwájú di yunifásítì’, a ti bo òpin ilé-ẹ̀kọ́ kan mọ́lẹ̀, a sì ti sọ àdánù àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ di ìdàgbàsókè. ‘Ìwó tún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́’ jẹ́wọ́ àlàfo, ṣùgbọ́n ó fi ti ìjọ àti ti ìjọba ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí yóò kọ ọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àgbálọgbábọ̀
Ó hàn gbangba pé ẹ̀rí ni wúnrẹ̀n wọ̀nyí jẹ́, wọn kì í ṣe ẹwà èdè lásán. Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní ìtàn ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: ǹjẹ́ ohun yìí dáwọ́ dúró rí? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ‘ṣì’ ni ó yẹ tàbí ‘tún’. Àìbìkítà nípa rẹ̀ a máa sọ ìtàn di àròsọ.