Aṣọ Ọmọdé, Àkísà Àgbà: Ẹ̀kọ́ Tó Kù Lẹ́yìn Èsì DNA

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ibi tí àwọn àgbà bá ti fẹ́ kí ọmọdé panu mọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń pa òwe yìí, ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò fi fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó sọ gan-an. Kò sọ pé ọmọdé kò lè rí aṣọ rà. Ó gbà pé ó lè rà á, kó tilẹ̀ pọ̀ tó ti àgbà. Kò sì sọ pé àkísà jẹ́ ohun ìjìnlẹ̀ kan tí wọ́n bí mọ́ àgbà. Aṣọ tí a wọ̀, tí a fọ̀, tí a tún wọ̀, tí oòrùn pa, tí ẹ̀gún fà ya lóko, òun ní í di àkísà. Owó ló ń ra aṣọ, ìlò ló ń sọ ọ́ di àkísà, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìlò. Mo mú òwe náà wá síbi ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó kọ́kọ́ pa á kò rò tẹ́lẹ̀: àwọn tó ń fi àyẹ̀wò DNA wá ìran wọn, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà, àti ẹ̀kọ́ tó yẹ kí wọ́n máa kọ́ lẹ́yìn tí èsì bá ti dé.

Aṣọ kò wọ́n mọ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2000 ni FamilyTreeDNA bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Houston. 23andMe gbé tirẹ̀ dé ní 2007, AncestryDNA ní 2012, àwọn mìíràn sì tún wọlé. Oníbàárà á tutọ́ sínú ike kékeré, á fi í ránṣẹ́, nígbà tó bá sì ṣe sàà, èsì á bọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ohun méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún DNA rẹ̀ ló jọ ti agbègbè kọ̀ọ̀kan láyé, àti orúkọ àwọn mìíràn tí DNA wọn bá tirẹ̀ mu níbì kan, pẹ̀lú iye tó fi bára mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdáhùn ni àwọn fowó rà. Ní tèmi, ìbéèrè ni wọ́n rà, ìbéèrè náà kò sì ní ìdáhùn àfi fún ẹni tó bá kọ́ bí a ti ń wá a, tí kò sì dáwọ́ kíkọ́ náà dúró.

Ẹ wo nọ́ńbà kan péré. Centimorgan ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn DNA tí ènìyàn méjì jọ ní. Òbí àti ọmọ máa ń jọ ní nǹkan bí 3,485. Ọmọ ìyá tí wọ́n tún jẹ́ ọmọ bàbá, nǹkan bí 2,613. Ká wá ní èsì sọ pé obìnrin kan àti obìnrin mìíràn tí wọn kò rí ara wọn rí jọ ní 1,750. Kí ni wọ́n jẹ́ síra wọn? Wọ́n lè jẹ́ ọbàkan. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá tí bàbá wọn yàtọ̀. Ọ̀kan lè jẹ́ ìyá àgbà èkejì, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: iye tí gbogbo wọn ń jọ ní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ orí á yọ díẹ̀ kúrò nínú wọn. Bí ọjọ́ orí àwọn méjèèjì bá sún mọ́ra, ẹni tó kọ́ṣẹ́ á lọ wo krómósómù X. Ẹyọ kan ṣoṣo ni bàbá ní, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì ń fà lé ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láìgé e. Nítorí náà, obìnrin méjì tí bàbá kan náà bí gbọ́dọ̀ bára mu lórí X yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, ká wá ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà tan. AncestryDNA kì í sì í fi X han oníbàárà rẹ̀. Ó ní láti gbé fáìlì rẹ̀ lọ sórí GEDmatch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, kó tó lè rí i. Kò sí èyí tó le nínú gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ti ṣe é léraléra. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohun kan wà tó yẹ kí òun wò.

Bí a bá sì ti jìnnà sí ojúlé, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ṣe ń ṣókùnkùn sí i. Blaine Bettinger, agbẹjọ́rò tó tún gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ báyókẹ́mísírì, kó iye tí àwọn ìbátan jọ ní jọ láti ọwọ́ àwọn tó fínnúfíndọ̀ fi tiwọn ránṣẹ́. Èyí tó gbé jáde ní 2020 sún mọ́ ọ̀nà ìbátan 60,000. Nínú rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lè jọ ní iye tó kéré tó 396 tàbí tó pọ̀ tó 1,397. Àárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn gba oríṣiríṣi ìbátan mìíràn. Ní ti àwọn tí bàbá àgbà bàbá àgbà wọn jẹ́ ẹnì kan náà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wọn kò ní bára mu rárá nínú àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ẹbí ni wọ́n. Ẹni tí kò mọ èyí á lọ sọ fún ẹbí rẹ̀ pé DNA ti já irọ́ ìtàn ilé wọn.

Fún ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà, ògiri kan tún wà lọ́nà. Ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fi orúkọ àwọn tó bọ́ lóko ẹrú sílẹ̀ bíi ti ènìyàn yòókù. Ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ ẹrú ti 1860, orúkọ olówó ẹrú ló máa bá. Lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti lẹ́tà kan tó dúró fún àwọ̀ ara. Obìnrin, ọdún 35, B. Ó parí. DNA lè fi hàn pé ẹnì kan bá àwọn ọmọ-ọmọ ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní Virginia tan, ṣùgbọ́n DNA kò lè sọ pé ìyá wo ni, oko wo ni, ọdún wo ni. Ìwé ogún tí wọ́n ti ka ẹrú mọ́ ìbaaka àti ìkòkò ló lè sọ ọ́. Ìwé ìtajà ló lè sọ ọ́. Ìwé Freedmen's Bureau, àjọ ìjọba fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, tó ṣiṣẹ́ láti 1865 sí 1872, ló lè sọ ọ́. Báńkì Freedman's Savings tó wà fún wọn náà bẹ̀rẹ̀ ní 1865, ó wó ní 1874, ó sì gbé owó ọ̀pọ̀ tálákà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó bá wá síbẹ̀ ṣe ń ṣí àkáǹtì, akọ̀wé á béèrè orúkọ bàbá, ìyá, ọkọ tàbí aya, àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Báńkì tó jẹ aráàlú ní gbèsè ló wá di ọ̀kan lára àwọn àká ìran tó dára jù lọ tí wọ́n ní. Ìdí rèé tí ìdajì ẹ̀kọ́ yìí, ó kéré tán, fi jẹ́ ẹ̀kọ́ kíka ìwé àtijọ́. Ẹgbẹ́ AAHGS, tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní 1977 fún ìtàn àti ìwádìí ìran wọn, ti mọ èyí kí àyẹ̀wò tó dé. Ilé ẹ̀kọ́ MAAGI tó wà fún wọn náà ń kọ́ni ní ìwé ìgbà ẹrú àti DNA pọ̀.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń tan ènìyàn jù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kàn wá nílé. Ẹnì kan ní Atlanta á rí i pé Nàìjíríà kó 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kílẹ̀ tó ṣú ó ti di ọmọ Yorùbá, ó ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ lórúkọ. Kò sóhun tó burú nínú kí ọmọ wá ilé. Àmọ́ ilé iṣẹ́ kì í ka ìlú lára ẹ̀jẹ̀. DNA oníbàárà ni wọ́n ń fi wé ti àwọn tó wà nínú àkójọ wọn, ẹni tó bá jọ jù ni wọ́n á ní ó jẹ́. Nínú iṣẹ́ ìwádìí DNA tí wọ́n ń pè ní HapMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àádọ́rùn-ún Yorùbá láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni ara Ìbàdàn ti ń ṣojú odindi ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí káàkiri ayé. Aládùúgbò tí kò bá sí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, Yorùbá ló máa jọ. Ìwádìí tí Bert Ely àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006 wo DNA ìlà ìyá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà: ó lé ní ìdajì wọn tó bá ti ẹ̀yà púpọ̀ mu lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó bá ẹ̀yà kan ṣoṣo mu kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtàn náà ní tirẹ̀ láti sọ. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti kọ kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà náà ni ogun tó tú Ọ̀yọ́ ká gbóná jù. Bàhíà àti Kúbà ni wọ́n kó púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wa lọ. Clotilda yàtọ̀: ọkọ̀ ojú omi tó rúfin, tó kó nǹkan bí 110 ènìyàn dé Mobile ní Alabama ní 1860. Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis níbẹ̀, wà nínú wọn. Ilẹ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí ni wọ́n ti kó o, ó sì pẹ́ láyé tó fi sọ ìtàn ara rẹ̀ kó tó kú ní 1935. Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ nípa ilé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kò sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó lè sọ ọ́ fún wọn.

Àwọn kan á ní kí ni ti ilé ẹ̀kọ́ sí i, nígbà tí ẹ̀rọ ti ń to igi ìdílé fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, láti 2019 ni AncestryDNA ti ní ThruLines, tó ń fi DNA àti igi ìdílé tí àwọn oníbàárà yà dábàá pé báyìí ni ẹni méjì ṣe tan. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n inú igi tí ènìyàn yà ló ti ń mú un. Bí ẹnì kan bá fi bàbá kan sípò bàbá mìíràn tí orúkọ wọn jọra, tí ènìyàn mẹ́rin sì dà á kọ, ẹ̀rọ á ka ẹnu márùn-ún tó ń sọ ohun kan náà. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò nìkan ló máa béèrè ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ti gbọ́ ọ.

Owó ni àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìran GRIP bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lórí DNA ní Pittsburgh ní 2014 kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìwé ẹ̀rí ìwádìí ìran ti Boston University náà kò sì pọ́ọ́kú. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kò pin sí ibẹ̀. ISOGG, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi DNA wá ìran, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ń fi àlàyé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Àpérò ìwádìí ìran RootsTech ti ń gbé ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2021. Ibi ìkàwé ìjọba ní Fort Wayne ní Indiana sì ṣílẹ̀kùn ọ̀kan lára àkójọ ìwé ìran tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà fún ẹni tó bá wọlé. Bí wọ́n bá bi mí, ìwé ìdánrawò tí Bettinger àti Debbie Parker Wayne ṣe ní 2016, tó ní ìbéèrè àti ìdáhùn, ni mo máa ní kí ènìyàn fi pẹ́ńsù ṣe tán kó tó ra ike kejì. Fídíò mẹ́wàá tí a wò lórí ìjókòó kò tó o.

Àtakò kẹta ni pé eré ìnàjú lásán ni, ta ni í gbàwé ẹ̀rí nítorí eré? Mo gbà pé ìwé ẹ̀rí kọ́ ni ká máa lé. Eré tó lè fi han ẹni ọgọ́ta ọdún pé ẹni tó ń pè ní bàbá kọ́ ló bí i kì í ṣe eré mọ́, ó kéré tán kì í ṣe eré sí ẹni náà. Òfin rẹ̀ náà kì í dúró lójú kan. Ní 2018, àwọn ọlọ́pàá California gba orí GEDmatch mú apànìyàn kan tí wọ́n ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún; ní ọdún tó tẹ̀ lé e, GEDmatch yí òfin rẹ̀ padà, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ni ọlọ́pàá lè rí. Ní 2023, àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà 23andMe tó tó mílíọ̀nù 6.9, ní oṣù kẹta 2025 ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù pé òun ti wọko gbèsè. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní 2017 tó sì ti dákẹ́ látìgbà náà kò mọ ohun tó yẹ kó sọ fún àbúrò rẹ̀ kó tó ní kó tutọ́. Àjọ BCG, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 láti máa fún olùwádìí ìran ní ìwé ẹ̀rí, kò ní ìlànà kankan lórí DNA nínú ìwé rẹ̀ títí di àtúnṣe tó jáde ní 2019. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí wọn sì gbọ́dọ̀ tún padà wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Bí ọ̀gá bá ń padà wá jókòó, kí ni ti ẹni tó ra ike lánàá?

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu náà lè kọ́ ọ: yunifásítì Strathclyde ní Glasgow ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìran láti òkèèrè, kò dìgbà tí ènìyàn bá wọ bàálù. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń bí ọmọ lọ́nà ti òyìnbó ni àtẹ nọ́ńbà centimorgan tí wọ́n fi ń kọ́ni bá mu jù. Ká ní èsì àwọn méjì ní Ìlọrin gbé nǹkan bí 2,200 jáde. Ó ga fún ọmọ ìyá tí bàbá wọn yàtọ̀, ó kéré fún ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ẹni tó fi àtẹ yẹn nìkan kọ́ṣẹ́ lè sọ pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, kó kàn jẹ́ pé iye wọn rẹlẹ̀ díẹ̀. Bí ọkùnrin bá kú tí àbúrò rẹ̀ ṣú opó tó fi sílẹ̀, tí obìnrin náà sì bímọ fún un, ọmọ yìí àti èyí tó ti bí fún olóògbé á jẹ́ ọmọ ìyá, wọ́n á tún jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, iye tí wọ́n jọ ní á sì bọ́ sí nǹkan bí 2,200 gan-an. Kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nílé tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé bóyá wọ́n ṣú ìyá yẹn lópó, àti ẹni tó ṣú u.