Ọ̀nà tí ará Ṣómólú àti Bàrígà lè gbà dé orí Àpáta Olúmọ àti Òkè Ìdànrè

Ilẹ̀ yanrìn àti ilẹ̀ àbàtà ni Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n sì wà. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìlàjẹ ní Bàrígà, tàbí ẹni tó ń fi iṣẹ́ ìwé títẹ̀ jẹun ní Ṣómólú, lè dàgbà tán kó má tíì fi ẹsẹ̀ tẹ orí àpáta rí. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní òkè. Inú ihò àpáta àti orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sá sí nígbà ogun, ibẹ̀ náà ni ìtàn wọn sì ṣì wà. Méjì tó lókìkí jù lọ nínú wọn ni Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀nà kan kò dé orí òkè. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lọ mọ̀ nìyí.

Olúmọ: ìrìnàjò ọjọ́ kan

Olúmọ ló súnmọ́ Èkó jù. Bí i kìlómítà 80 ni Abẹ́òkúta sí Èkó, èèyàn sì lè lọ láàárọ̀ kó padà lálẹ́. Láti Bàrígà tàbí Ṣómólú, ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà mọ́tò: èèyàn yóò wọ dánfó lọ sí Òṣòdì, yóò sì wọ ọkọ̀ Abẹ́òkúta tó ń gba Sango Ọ̀tà àti Ìfọ̀ kọjá. Èkejì ni rélùwéè tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ibùdó Mobolaji Johnson tó wà ní Ẹ̀bútè-Mẹ́tta ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Ṣómólú rárá. Ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderin ni èrò Abẹ́òkúta yóò ti sọ̀ kalẹ̀, kó tó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ìdí àpáta.

Gíga Olúmọ kò ju bí i mítà 137 lọ sókè ìtẹ́jú òkun, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, tẹ̀dó sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká. Abẹ́ òkúta yìí ni orúkọ ìlú náà ti wá. Nínú ihò tó wà nísàlẹ̀, àwọn kòtò tí àwọn obìnrin fi ń lọ oúnjẹ nígbà náà ṣì wà lára àpáta títí dòní.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ṣe dé òkè. Ọ̀nà àtijọ́ ni èyí tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tó gba àárín àpáta méjì kọjá. Ó há, ó sì máa ń gba kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ kó sì fi ọwọ́ di òkúta mú. Èkejì ni àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n fi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ọgbà náà ṣe ní ọdún 2006, fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ara wọn kò gba wàhálà. Kó tó dá ọkàn lé ẹ̀rọ yìí, ó dára kí èèyàn béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Láti orí àpáta, èèyàn yóò rí odò Ògùn, òrùlé páànù tó ti pọ́n, àti ilé ìjọsìn St. Peter tó wà ní Aké. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ìdànrè: ìrìnàjò tó gba ìmúra

Ti Ìdànrè yàtọ̀. Òkúta líle tí ooru abẹ́ ilẹ̀ yọ́, tó sì tutù di àpáta ní bí i 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni, gíga rẹ̀ sì tó bí i 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ìtẹ́jú òkun. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni èrò Bàrígà yóò lọ wọ̀ ní Òjótà tàbí Kẹ́tu. Ọkọ̀ mìíràn a gba Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Òrè àti Òǹdó. Òmíràn a gba Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Láti Àkúrẹ́, ó ku bí i 20 kìlómítà sí Ìdànrè. Ẹni tó bá lọ yẹ kó sùn síbẹ̀, kó má ṣe rin ìrìn òru.

Láti Odòdè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 600. Àwọn kan kà á sí 660, àwọn mìíràn sì kà á sí 682, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ìparí àtẹ̀gùn kì í ṣe ìparí ìrìn. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni yóò mú èèyàn dé ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti ojúbọ wà níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn han àlejò, èyí tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu. Àwọn ṣóńṣó tó ga ju ibẹ̀ lọ, bí i Orósùn, kò ní àtẹ̀gùn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú wọn láìsí afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ ìlú.

Ìgbà tó dára àti ohun tó yẹ ní mímú lọ

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ìgbà tó dára jù. Lásìkò òjò, ewédò a hù lórí òkúta, ẹsẹ̀ a sì máa yọ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló yẹ kí wọ́n gbéra, nítorí oòrùn ọ̀sán a mú kí àpáta gbóná bí ààrò. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú dáadáa, omi tó pọ̀ àti oúnjẹ díẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n. Bàtà onígìgìsẹ̀ kò bá ibẹ̀ mu. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí kò rọrùn láti gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn 600. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kì í ṣe eré sísá ni òkè gígùn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àlejò

Láti ọdún 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà nínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọ inú ogún náà láti ọdún 2005. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tún wà, Perret's toad, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi Ìdànrè. Láti ọdún 1963 ni àwọn onímọ̀ kò ti rí i mọ́, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 2013. Ike omi tí èèyàn sọ nù, iná tí wọ́n dá sínú koríko, àti orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára àpáta, gbogbo rẹ̀ ló ń ba irú nǹkan báyìí jẹ́. Àwọn ojúbọ náà ṣì ní olùtọ́jú. Kí àlejò tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò wọn, kó má sì fọwọ́ kan ohun tí wọn kò ní kó fọwọ́ kàn.

Fún ẹni tí kò gun òkè rí, Olúmọ ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ àti èémí rẹ̀ bá gbé e débẹ̀ láìsí ìnira, a jẹ́ pé ó lè múra sílẹ̀ fún Ìdànrè.