Ooru Ẹyin àti Ọpọlọ Òròmọdìẹ

Kí ẹ̀rọ ìpamọ adìẹ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àgbà ti mọ̀ pé ọjọ́ 21 ni àgbébọ̀ fi ń sàba. Ní Ẹgàn, ìlú Àwórì tí ó wà lẹ́bàá Ìgàndò, bí ó ti rí níbi gbogbo, àgbébọ̀ a máa yé ẹyin kan lónìí, a tún yé òmíràn lọ́la, títí yóò fi tó bí i mẹ́wàá. Síbẹ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń pa. Kí ni ó fa èyí? Ooru ni.

Àwọn ará Íjíbítì ni wọ́n kọ́kọ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ adìẹ. Aristotle kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń ri ẹyin mọ́ inú ìgbẹ́ ẹran títí yóò fi pa. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń lo ààrò alámọ̀. Òṣìṣẹ́ a sì fi ẹyin kan ìpéǹpéjú rẹ̀ láti mọ bí ó ti gbóná tó. Réaumur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi ohun èlò tí a fi ń wọn ooru rọ́pò ìpéǹpéjú nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1749. Lẹ́yìn rẹ̀, Camille Dareste fi hàn ní ọdún 1877 pé ooru tí kò bára mu a máa sọ ọlẹ̀ inú ẹyin di abàmì.

Ní ọdún 1902 ni Charles Edwards tú àṣírí àgbébọ̀. Bí ooru kò bá kọjá nǹkan bí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 20 sí 21, ńṣe ni ọlẹ̀ sùn. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá sàba lé e ni ó tó jí. Nǹkan bí ìwọ̀n 37.5 ni ó sì tọ́ sí i. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ọpọlọ rẹ̀ ti pín sí apá mẹ́ta. Ọpọlọ yìí gan-an ni F. M. Alsop yẹ̀ wò ní ọdún 1919: ooru tí ó pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù lè bà á jẹ́ láti ìpìlẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn tí ń sin adìẹ ní Ẹgàn. Ooru ọ̀sán Èkó sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 30. Ẹyin tí a bá kó jọ sí inú irú ooru bẹ́ẹ̀ kò sùn, kò sì jí dáadáa. Ọlẹ̀ inú rẹ̀ ń dàgbà ségesège, púpọ̀ nínú wọn a sì kú kí wọ́n tó pa. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ẹ̀rọ ni kò dára, tàbí pé àkùkọ kò gun adìẹ. Ibi tútù ni kí a máa kó ẹyin sí, kí ó má sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí a tó gbé e sínú ẹ̀rọ.