Ohun Tí Awò Kò Lè Fi Hàn: Ìtàn Ibà Pọ́njú ní Yábàá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí àjà, kò lè rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni òwe yìí ń sọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìríran ni: ohun tí a ti mọ̀ kí a tó wò ni ó ń pinnu ohun tí a ó rí. Ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní Yábàá, ní ìlú Èkó, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ni ó mú kí òwe náà yé mi bẹ́ẹ̀.

Kí a tó dé Yábàá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ìmọ̀ dé lóde òní. Ìwúkàrà, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń mú ẹmu hó tó sì ń mú búrẹ́dì wú, ní nǹkan bí 6,000 jíìnì, èyíinì ni àwọn àṣẹ àjogúnbá tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ní 1996 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti kà wọ́n tán. Ní 2003, àwọn olùwádìí kan ní Kalifóníà so èròjà tó ń tàn yanran mọ́ àwọn púrótéènì inú ìwúkàrà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi awò asọ̀kékeré-di-ńlá wo ibi tí èyí tó lé ní 4,000 nínú wọn ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Á gbé àwo tó ní ihò wẹ́wẹ́ 384 sábẹ́ awò, á ya àwòrán ohun tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì ṣà wọ́n lẹ́ṣà. Bí a bá yọ jíìnì kan kúrò tí ìrísí sẹ́ẹ̀lì sì yí padà, àwòrán á fi hàn. Síbẹ̀, ohun tí ènìyàn kò bá so ìmọ́lẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ náà á kọjá lára rẹ̀. Ènìyàn ni ó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò wá. Bí ẹni tó rán an bá ṣìnà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni Yábàá ti dáhùn tipẹ́.

Ní 1925, Àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wádìí ibà pọ́njú. Yábàá ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, Dókítà Henry Beeuwkes sì ni olórí wọn. Àrùn yìí a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ojú aláìsàn á pọ́n bí ìyeyè, ẹlòmíràn á sì máa bi ẹ̀jẹ̀ dúdú títí ẹ̀mí á fi bọ́. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti kéde ní 1919 pé òun ti fi awò rí kòkòrò tó ń fà á: bakitéríà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ bí okùn. Ó rí kòkòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn mìíràn tó fara jọ ibà pọ́njú ni. Àwọn ará Yábàá wá kòkòrò yìí títí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọn kò rí i.

Nígbà tó di June 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Asibi yè, ṣùgbọ́n ọ̀bọ ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí lára kú. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson wá fi asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn náà nínú. Ẹ rántí obìnrin tó ń sẹ́ ògì: èèrí á kù sórí asẹ́, omi ògì á bọ́ sísàlẹ̀. Ohun tó bọ́ sísàlẹ̀ asẹ́ wọn ṣì ń pa ọ̀bọ. Ìyẹn ni pé fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tó kéré ju èyí tí awò ìgbà náà lè fi hàn. Bí wọ́n bá ti gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan, wọn ì bá máa wá a títí.

Ìmọ̀ yìí gba ẹ̀mí. Stokes fúnra rẹ̀ kó ibà pọ́njú, ó sì kú ní Èkó ní September 1927. Noguchi wá sí Accra láti wá òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà; àrùn kan náà pa á ní May 1928. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí Dókítà William Young, tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, náà kú.

Láti inú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ti ṣe àjẹsára 17D ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ọmọ Nàìjíríà tó gba abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fún un ní káàdì yẹ́lò, tó wá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òkè òkun, ẹ̀jẹ̀ Asibi ni ó ṣe é lóore.

Ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ ní 1934, ṣùgbọ́n ìwádìí ìṣègùn kò tán ní Yábàá. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, NIMR, wà títí di òní. Nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ nínú ìtàn ibà pọ́njú yìí, Asibi nìkan ni kò fojú sí awò. Òun ni wọ́n wò. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe fáírọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n ìwé wọn kò kọ oríkì rẹ̀. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ẹ̀rọ tó ń wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan, ó yẹ kí a sọ ìtàn yìí fún wọn pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó ń wò lè ṣìnà, àti pé ẹni tí a wò ní orúkọ.