Àwọn Tí Ń Ka Owó Lé Àgbà Lọ́wọ́: Ìtàn Àwọn Òṣìṣẹ́ Social Security

Bí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì bá délẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni pé, ǹjẹ́ owó náà yóò tó? A kì í bèèrè àwọn tí yóò kà á lé wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ìtàn ilé-iṣẹ́ Social Security fi hàn pé òfin lè dára, kí owó wà nílẹ̀, kí arúgbó sì wà lórí ìlà nítorí pé òṣìṣẹ́ kò tó.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 1935 ni Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin náà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti fún olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní nọ́ńbà, ilé-iṣẹ́ tuntun náà kò sì ní ọ́fíìsì tí ó tó káàkiri. Ta ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni! Láti oṣù kọkànlá 1936 ni wọ́n ti ń pín fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń gbà á padà. Nọ́ńbà tí ó gba ọwọ́ wọn jáde lé ní 35 mílíọ̀nù.

Ní oṣù kìíní 1974, ìjọba àpapọ̀ gba ìtọ́jú àwọn arúgbó aláìní, afọ́jú àti aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ju 3 mílíọ̀nù ènìyàn lọ ni wọ́n dà lé Social Security lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà kò tíì gún régé. Èrò kún àwọn ọ́fíìsì fọ́fọ́.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn aláṣẹ rí kọ́ níbẹ̀ yani lẹ́nu. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tí ó dára jù ni yóò gba iṣẹ́ ṣe, nítorí náà láàárín 1985 sí 1990 wọ́n dín òṣìṣẹ́ 17,000 kù, èyí tí í ṣe ẹni kan nínú márùn-ún. Ní àárín àkókò náà gan-an, ní 1988, ni wọ́n ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa pe nọ́ńbà tẹlifóònù kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ pè é, wọn kò rí ẹni gbé e.

Ní 1990, àwọn tí ń gba owó Social Security tó 40 mílíọ̀nù. Ní 2025 wọ́n ti lé ní 68 mílíọ̀nù, nítorí àwọn tí a bí láàárín 1946 sí 1964 ti ń darúgbó. Ní oṣù kejì ọdún 2025 kan náà ni ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ kù láti nǹkan bí 57,000 sí 50,000.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, àní ju bí a ti rò lọ. Kirẹ́dìtì 40 ni ẹ nílò kí ẹ tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì, ó kéré tán iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Nàìjíríà kò sì ní àdéhùn pẹ̀lú Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ tí ẹ ṣe nílé yóò fi kún un. Bí orúkọ tí agbanisíṣẹ́ kọ kò bá bá nọ́ńbà mu, inú fáìlì ọ̀tọ̀ ni owó iṣẹ́ ọdún náà ń lọ, bí ẹrù tí kò ní olówó. Orúkọ wa sì gùn! Ẹlòmíràn kọ orúkọ bàbá níbi iṣẹ́ kan, ó kọ ti ọkọ níbòmíràn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ akọ̀wé kan tí yóò jókòó, tí yóò wo ìwé owó-oṣù yín àtijọ́, tí yóò sì dá owó náà padà sí orúkọ yín.